Písà Ìyá Ọkọ

Opó náà gé písà fún Nunzia, ẹ̀gbọ́n Calogero ọkọ rẹ̀, tó ti Palermo wá sí Róòmù fún ìsìnkú.

"Àǹtí, ẹ jẹ ẹ́. Bí ìyá yín ṣe ń ṣe é ni. Calogero ló kọ́ mi."

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe písà ní Róòmù, àmọ́ ogójì ọdún ló fi ń ṣe èyí tó nípọn bíi búrẹ́dì, tí àlùbọ́sà kún orí ẹ̀.

Nunzia bù ú jẹ, ló bá mú èso ólífì kan kúrò lórí ẹ̀.

"Ìyàwó wa, ta ló ní kó o kó ólífì sí i?"

"Calogero ni."

"Màmá wa kì í fẹ́ rí ólífì sójú. Agata, àfẹ́sọ́nà Calogero àtijọ́, ló máa ń kó o sí i."

Opó náà gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Agata ọ̀hún ṣì wà láyé?"

Nunzia wolẹ̀.

"Ó wà nísàlẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní kí n bẹ̀ ọ́, kó o jẹ́ kóun rí òkú."