Ilé Ìkẹyìn Lórí Òkè Pẹrẹsẹ

Láti ọjọ́ tí Olúgbuyì awọnlẹ̀ ti sin aya rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti kú tipiri. Kò sóhun tó ń dùn ún, kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù. Òun ni wọ́n wá rán lọ wọn ahoro ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè pẹrẹsẹ, níbi tí ọyẹ́ ti mú gbogbo koríko gbẹ.

Ilé kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì wọ̀n nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ògiri rẹ̀ ti wó kù sí orúnkún, ló bá gbẹ́sẹ̀ sọdá a.

Ohùn obìnrin kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ létí rẹ̀ pé, "Àlejò kì í gba orí ògiri wọlé."

Ó wẹ̀yìn, kò réèyàn. Fadérera tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wà lókèèrè nídìí ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀.

Olúgbuyì jáde, ó yí dé ibi tí ẹnu ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀, ó ní, "Àgò onílé o."

"Àgò yà."

Bó ṣe ní kóun wọlé, àtẹ́rígbà gbá a níwájú orí, fìlà rẹ̀ já bọ́. Ó mú un nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé.

"Bùọ̀dá, kí lẹ ń bẹ̀rẹ̀ fún ní gbangba?" ni Fadérera ń pariwo.

Olúgbuyì kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, nítorí ògiri ilé náà nípọn.