Sójà Tó Ń Bì

Isaiah ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, Isaiah ni gbogbo ọgbà ń pè é, Isaiah náà ni àwa náà yóò máa pè é. Ní Elelenwo ni ọgbà náà wà, àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n sì ń kọ́ ní wíwa katapílà níbẹ̀. Àwọn yòókù ti ríṣẹ́ lọ kí òjò tó dá. Ó wá ku Isaiah àti ọkùnrin ará Kalabari kan tó ń jẹ́ Dagogo. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì wà nílẹ̀: iléeṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ gọ́tà ńlá fẹ́ mú ẹnì kan lọ́jọ́ Jímọ̀.

Isaiah gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ náà. Ẹnì kan wà nílé ní Mile One tó jẹ́ pé bí Isaiah kò bá fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, kò ní jẹun lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń bí i nínú ni irú ẹni tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ náà. Dagogo a máa bì. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì katapílà bá ti gún ilẹ̀, tí òórùn ẹrẹ̀ gòkè, ọkùnrin náà á bẹ́ sílẹ̀, á sáré lọ sí ìdí ọ̀pẹ, á bi gbogbo ohun tó jẹ láàárọ̀ sílẹ̀. Eṣinṣin á bo èébì náà. Yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, yóò sì padà wá jókòó sórí àga kan náà tí Isaiah máa lò lẹ́yìn rẹ̀. Òórùn èébì á wà lára ọ̀pá ìdarí. Isaiah á fi àkísà nù ún, á tutọ́ sílẹ̀, á tún un nù. Ìríra ọkùnrin náà pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé kò lè jẹun níbi tí Dagogo bá ti ń jẹun.

Bí Dagogo ṣe ń wò ó tún ń rí i lára. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí Màdáámù Tamunotonye tó ń kọ́ wọn pe orúkọ Isaiah, ńṣe ni Dagogo fò dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀. Ó wo ojú Isaiah. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀," ló wí. "Àwọn ará ilé ńkọ́? Dem dey?"

"Wọ́n wà. Ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan, for army."

Láti ọjọ́ náà, "my brother" ló ń pe Isaiah, kò dárúkọ rẹ̀ rí.

Ní ti ìtàn ogun, Isaiah kò kẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, ó ní bọ́ǹbù ló di òun létí, ṣùgbọ́n kò di ẹnu rẹ̀. Ó máa ń sọ bí yàrà tí wọ́n gbẹ́ sá sí ṣe wó lé wọn lórí ní Bọ̀rnó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí òjò ń rọ̀, tí ẹrẹ̀ ń wọ ènìyàn lọ́fun.

"Ọ̀sán kọ́," Dagogo sọ jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kan. "Na for morning." Ó dìde kúrò níbẹ̀.

Isaiah fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí kò lè gbóòórùn ilẹ̀, òun ló fẹ́ kọ́ni nítàn ogun! Ṣíọ̀!

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ bá Màdáámù Tamunotonye. Ó sọ fún un pé Dagogo kì í ṣe sójà. Sójà wo ló ń bì nítorí ilẹ̀? Ṣebí inú yàrà ni wọ́n ti ń jẹ, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn? Ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, pé ohun ìríra gbáà ni kí òfégè máa jẹ èrè àwọn tó fara gbọgbẹ́.

Màdáámù pe Dagogo síwájú.

"Call one person name," ló wí. "Person wey una fight together, wey fit talk for you. Just one."

Dagogo wo Isaiah. Ó wò ó pẹ́, títí Isaiah fi gbójú lọ síbi katapílà.

"Nobody, madam."

Wọ́n ní kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó ká a dáadáa, ó ku òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì tí èébì ti ta sí. Isaiah fi ọwọ́ bo imú. Nígbà tí Dagogo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Bá mi kí ilé." Isaiah dá a lóhùn pé kò sí ẹni tó ń retí ìkíni òfégè nílé òun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n mú Isaiah. Ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan lójú ọ̀nà, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Mile One. Nínú yàrá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wà lórí ibùsùn, ó ń yọ egun ẹja, ó ń fi sí i lẹ́nu, ó sì ń ròyìn bí òun ṣe lé sójà tó ń bì. Ó tilẹ̀ ṣe bí Dagogo ṣe máa ń tẹ̀ ba nídìí ọ̀pẹ. Ẹ̀rín pa á.

"Kí lo pe orúkọ rẹ̀?"

"Dagogo."

Isaiah gidi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ ní Bọ̀rnó, tu ẹja náà jáde, ó ní, "Yẹmí, Dagogo ló fi èékánná wú mi jáde nínú yàrà yẹn, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi ń fa ẹrẹ̀ jáde lọ́fun mi, tó ń bì, tó tún ń fà á, títí mo fi mí."