Ọpọ́n Oníná Tó Kọ̀ Tí Kò Gbóná

Baálé ilé nà gbalaja sábẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀ oníná, ó ń làágùn.

Ó ti fọ asẹ́. Ó ti tú pọ́ǹpù, ó tún un tò. Omi ṣì tutù nini.

Ìyá ìyàwó rẹ̀, tó wá kí wọn láti oṣù tó kọjá, ti sọ ọ́: ọjọ́ tí òun bá rẹ orúnkún òun sínú omi gbígbóná yìí lòun máa padà sílé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti tan swíìṣì ọpọ́n tó wà ní yàrá yín?"

Ta ló jẹ́ já wọ yàrá ìyá ìyàwó lọ wò ó?

"Mo ti tàn án, ọkọ ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á ṣí ọ níyè."

Màámi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ká kọ́tìnì tó bo swíìṣì, ó wò ó. Pípa ló ṣì wà.

Ló bá tú báàgì rẹ̀, ó ń to aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù.