Ògiri Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

"Ẹ dúró! Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀!"

Mo já wọ ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ṣe rédíò àkọ́kọ́ nílùú yìí. Òórùn ọ̀dà gba gbogbo imú mi.

Gbogbo ariwo tí mo pa kí ìjọba tó gbà láti tọ́jú ibẹ̀, èyí náà rèé!

Pẹ́ńtà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó bó ṣe ń dán, mà! Ẹnì kan ti fi èédú fa ìlà jágbajàgba sára ògiri. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún kó tó bò."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba gbé pátákó wọlé. "Ẹ sún kúrò lára ògiri, mà. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni."

Ó kàn án mọ́ àárín ògiri funfun báláú náà.

Mo kà á:

"Ara ògiri yìí ni olóògbé fi èédú ya rédíò rẹ̀ sí kó tó ṣe é. Ẹ má fọwọ́ kàn án."