Ife Ẹ̀yẹ Sandy Fork

Lọ́dọọdún, ní Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbà awakọ̀ máa ń padà sí pápá eré ìje Sandy Fork láti wo àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti tún kùn, kí wọ́n sì parọ́ díẹ̀ fún ara wọn. Arvil Bynum kì í bá wọn lọ. Ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, àfi ọjọ́ tí Coy Teague bá jẹ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Lọ́dún yìí, Coy ránṣẹ́ pè é.

"Ó fẹ́ jẹ́wọ́ ni," Arvil sọ fún Verlie ìyàwó rẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ikú Ozelle ti là á lójú."

Ozelle ni ìyàwó Coy, oṣù tó kọjá ni wọ́n sì sin ín. Verlie lọ síbi ìsìnkú náà, ó sunkún ju àwọn ọmọ olókùú lọ. Arvil jókòó sínú ọkọ̀ níta, ó ń gbọ́ rédíò.

Eruku Sandy Fork ló dá gbogbo ìjà náà sílẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ó máa ń bo pápá débi pé adájọ́ ò mọ ọkọ̀ tó ti yí po jù. Nítorí náà, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á mú ẹni tí yóò bá a ka ìyípo rẹ̀ wá, ìyàwó ló sì sábà máa ń jẹ́. Àwọn ìyàwó á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìparí, tàwọn ti pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Bí ọkọ ẹni bá ti kọjá, wọn á fa ìlà kan. Bóyá ẹnì kan rò ó pé ìyàwó lè ṣojúsàájú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló níyàwó.

Lọ́dún 1959, nínú eré tó gbẹ̀yìn sáà, imú ọkọ̀ Arvil yọ síwájú ti Coy lórí ìlà ìparí. Gbogbo èèyàn ló rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba pátákó jọ, ti Coy fi ìlà kan ju ti Arvil lọ. Adájọ́ ní Coy ti fi odidi ìyípo kan ṣáájú tẹ́lẹ̀, ó sì gbé ife fún un. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ láti ìlú Charlotte, tó ń wá ẹni tí yóò máa bá a wa ọkọ̀ ní àwọn pápá ńlá. Ó na ọwọ́ sí Coy. Coy ní oko tábà bàbá òun ò ní jẹ́ kí òun lọ, ọkùnrin náà sì wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

"Èmi ni ǹ bá bọ́ sípò Dorsey ẹ̀gbọ́n rẹ," Arvil sọ, bó ṣe máa ń sọ ọ́.

"Inú ọkọ̀ eré ìje ni Dorsey kú sí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín nígbà yẹn, Bàbá Lorene."

"Ìyẹn náà ni mò ń wí! Àyè rẹ̀ ló ṣófo."

Arvil ò ṣiyèméjì rí. Verlie ló ń yẹ ọjà wò nílé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀, kò sì sí ìbọ̀sẹ̀ tí òwú kan já lára rẹ̀ tó lè kọjá lójú rẹ̀. Bí pátákó Verlie bá pé, á jẹ́ pé Ozelle ló fi ìlà kún ti ọkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ó sọ ọ́ nílé epo, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ozelle ò fọhùn. Nígbà tí ìdílé Teague ò kúrò ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, Arvil bínú di ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Gbogbo Kérésìmesì ni Verlie sì ń gbé páì ọ̀dùnkún lọ fún Ozelle. Arvil ní ojú àánú ìyàwó òun ti pọ̀ jù.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, Coy dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó gbé ife náà mọ́yà.

"Coy, o mà ti gbó o!" Arvil wí.

"Ṣé kò sí dígí nílé tìẹ ni?"

Coy gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Arvil ló gba eré yẹn," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Omi lé sí Arvil lójú. "Sọ pé Ozelle ló fi ìlà kún un," ó wí.

Coy wo Verlie. "Mo ní ìwọ lo gbà á. Kí lo tún ń fẹ́?"

Arvil na ọwọ́ sí ife náà, ṣùgbọ́n Coy gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. "Arábìnrin Verlie, ẹ gbà á. Ozelle ní ọwọ́ yín gan-an ni kí n fi í lé."

Arvil bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Ó mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà!"

Nígbà tí wọ́n ń padà, ó dúró ra áísìkiriìmù, ó sì pe ọmọ wọn àgbà lórí fóònù. "Lorene, ife náà ti ń bọ̀ nílé o! Inú ìyá rẹ lo ṣì wà nígbà tí wọ́n jí i." Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan orúnkún ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ nìkan lo dúró tì mí láti ọjọ́ yẹn."

Verlie gbé ife náà sórí itan, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó sì ń rántí bí ọkọ̀ Arvil ṣe kọjá níwájú òun nínú oòrùn, tí òun rí i kedere, tí òun di ṣọ́ọ̀kì mọ́wọ́ láì fa ìlà kankan, àti bí Ozelle tó jókòó ti òun ṣe wo pátákó náà, tó wo ikùn òun, tó sì rọra kọjú padà sí pápá.