Òpó Rédíò Tí Mọ́ṣúdù Fi Imọ̀ Ọ̀pẹ Bò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sọ ọ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1. Ní ọdún 1957, Mọ́ṣúdù oníṣòwò obì ń gbé létí oko obì rẹ̀ ní Ìlárá. Kò ṣaláìní. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: Bẹ̀llò, tí wọ́n jọ ń ta obì ní Ṣàgámù, máa ń gbọ́ ìròyìn ọjà Kánò ṣáájú rẹ̀. Ló bá ra rédíò. Rédíò kò sọ̀rọ̀ dáadáa, àfi kí wọ́n ta wáyà rẹ̀ sókè. Ló bá ri òpó irin tó ga ju gbogbo igi oko rẹ̀ lọ.

2. Ẹ̀yìn oko náà gan-an ni pápá kékeré tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn awọnlẹ̀, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba, ti ń balẹ̀. Akínbọ́lá, olùtọ́jú pápá, wá kí i.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òfin ni pé ẹni tó bá fẹ́ ri òpó gíga nítòsí ibí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa. Ẹ jẹ́ ká gé e kúrú, tàbí ká kùn ún ní pupa àti funfun, kí awakọ̀ lè máa rí i.”

“Ẹ kùn ún kẹ̀? Kí Bẹ̀llò lè mọ̀ pé mo ní rédíò?” Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín. “Máa lọ, mo ti gbọ́.”

Ó gbọ́ lóòótọ́, kò gbà ni. Ẹ sì mọ àwọn olóbì wa: ohun tó bá níye lórí, ewé ni wọ́n fi ń bò ó. Mọ́ṣúdù sọ òpó kalẹ̀, ó so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ ọn lórí, ó tún gbé e dìde. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á ní ọ̀pẹ ni.

Àbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Modúpẹ́, ohun tí wọ́n ní kí ẹ fi hàn lẹ tún ń bò yìí.”

“Obì tí a kò bá bò, gbígbẹ ní í gbẹ,” ni ọkọ rẹ̀ fi dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbọ́ Kánò, tí Bẹ̀llò ń ṣe kàyéfì.

3. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, Modúpẹ́ ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn awọnlẹ̀ ní Ìbàdàn, bá ọkọ̀ òfuurufú wọn wálé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó fẹ́ bá wọn lójijì.

Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ gbá òpó, ó sì já sáàárín igi obì. Mọ́ṣúdù sáré débẹ̀, ó bá awakọ̀ tó ń fa ọmọbìnrin kan jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Modúpẹ́ ni.

“Bàbá mi,” ni ọmọ náà wí, “a rí ọ̀pẹ kan lókèèrè, awakọ̀ kò mọ̀ pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sí ọ̀pẹ nínú oko yín rí. Ta ló gbìn ín?”

Bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í. “Èmi ni.”

4. Ọlọ́run ṣeun, àwọn igi obì ló gbà wọ́n, kò sẹ́ni tó kú. Àmọ́ ìdajì oko tí bàbá Mọ́ṣúdù gbìn sílẹ̀ fún un ló wó. Láti ìgbà náà, Modúpẹ́ ti lọ́kọ, ó ti bímọ, inú ilé wọn sì dùn. Mọ́ṣúdù gbé rédíò náà fún Bẹ̀llò, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń bá Akínbọ́lá kun òpó kiri báyìí. Ṣùgbọ́n tí ọmọ rẹ̀ bá ń tiro kọjá, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹni tó ní kí ẹ fi òpó yín han awakọ̀ kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ sọ kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀, ẹ kùn ún kí ojú lè rí i. Ẹ kò mọ ọmọ ẹni tó ń bọ̀ lókè. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.