Ọmọlójú Ọlọ́ko Tábà

"Ẹ̀jẹ̀ ló ya sí ọpọlọ aláìsàn yìí," Dókítà Kachingwe wí. "Ọkàn rẹ̀ ń lù lọ́ra jù."

"Mi ò gbà," Dókítà Nyirongo fèsì. "Kí ló wá ń mú un làágùn báyìí?"

Nọ́ọ̀sì kan ń nu itọ́ lẹ́nu aláìsàn náà. Ó mọ ọkùnrin yìí: ọlọ́ko tábà tó fi ọkọ̀ pa Limbani, àbúrò nọ́ọ̀sì náà, lójú ọ̀nà ìlú Zomba, tí kò dúró wẹ̀yìn. Ó ti rí ọmọlójú rẹ̀ tó kéré bí orí abẹ́rẹ́. Tó bá panu mọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, ọkùnrin náà á kú.

"Sísítà, kí lẹ̀yin rí?" Nyirongo bi í. "Gbogbo wa la jọ ń wá ohun tó ń ṣe é."

Ó mí kanlẹ̀. "Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí tábà ló wọ̀ ọ́ lára. Ẹ wo ọmọlójú rẹ̀."

Wọ́n sáré gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró náà. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù dáadáa.

Nígbà tí àwọn dókítà jáde, ọkùnrin náà lajú. Nọ́ọ̀sì fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n Limbani ni mí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ti kọ̀wé sí kóòtù lórí ẹjọ́ ikú rẹ̀ pé ara yín ò yá. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni màá lọ sọ fún adájọ́ pé ara yín ti dá."